Ìtàn Fẹlá Ṣówándé àti Orin Àwọn Tí A Kó Lẹ́rú

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn àwọn ènìyàn ńlá, ojú wa a máa yá láti wo ibi gíga tí wọ́n dé, ṣùgbọ́n a kì í sábà bìkítà láti wo ilẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni igi kì í ga kí ó má ní gbòǹgbò. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí, orúkọ rẹ̀ kàn ní London, ó sì kàn ní New York. Ṣùgbọ́n ibi méjì tí kò ṣàjèjì sí irú àwa ni gbòǹgbò rẹ̀ wà: èkíní ni ilé olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n ní Ọ̀yọ́, èkejì ni ìjókòó ẹgbẹ́ akọrin kan ní Èkó, níbi tí àwọn ọmọdékùnrin àti àwọn àgbà ọkùnrin ti ń pa ohùn wọn pọ̀ láti yin Ọlọ́run. Ẹni náà ni Olóyè Olúfẹlá Ọbafúnmiláyọ̀ Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905, tí ó sì kú ní 1987. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì í mú fún Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ọmọ-ọmọ Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, nítorí ẹlòmíràn ni ìyẹn.

Kí ìtàn yìí tó lè yé wa dáradára, ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ìpín méjì tí ó bá àwọn tí a kó lẹ́rú ní ilẹ̀ yìí láyé àtijọ́. Ní 1821 ni a kó Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, lẹ́rú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ àwọn Potogí tí ó wà nínú rẹ̀, a sì gbé e lọ sí Freetown. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí Samuel Ajayi Crowther dà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ni ó wà tí ẹnikẹ́ni kò mú. Àwọn tí ó wà nínú wọn rékọjá òkun dé Brazil àti Cuba. Àwọn mìíràn, láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ilẹ̀ Áfíríkà, sì ti dé oko òwú àti oko tábà ní Amẹ́ríkà.

Àwọn tí a gbà sílẹ̀ kọ́ orin ìjọ ní Freetown. Nígbà tí wọ́n padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta, tí a ń pè wọ́n ní Sàró, wọ́n mú ìwé orin àti ìmọ̀ dùùrù dání. Láti ọwọ́ wọn, àti láti ọwọ́ àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà, ni Èkó ti di ìlú ẹgbẹ́ akọrin àti kọ́ńsáàtì, tí ó fi jẹ́ pé kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, orin Handel kì í ṣe àlejò níbẹ̀ mọ́.

Àwọn tí a kò gbà sílẹ̀ kò ní ìwé orin. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà tilẹ̀ ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n etí wọn kò di. Wọ́n gbọ́ ìtàn Mósè àti ti Jóṣúà, ti Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún, àti ti Olúwa wa lórí àgbélébùú, wọ́n sì fi ṣe orin. Ẹnìkan a lé e, àwọn yòókù a gbè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé títí di òní. Nígbà tí wọ́n bá ń kọrin nípa Fáráò àti àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, àwọn olówó wọn a rò pé Íjíbítì àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń sọ; ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ ọ́ mọ Fáráò ti ara wọn. Àwọn orin wọ̀nyí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní spirituals, èyíinì ni orin ẹ̀mí.

Ìyà kan ṣoṣo ni, ó sì pín sí ọ̀nà méjì. Nínú ìgbésí-ayé Fẹlá Ṣówándé ni orin ọ̀nà méjèèjì ti tún pàdé, ìdí sì nìyí tí mo fi rò pé ìtàn rẹ̀ yẹ fún wa.

Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Emmanuel Ṣówándé, jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Áńgílíkà, ó sì jẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn CMS gbé kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1896 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú orin ìjọ ní ilẹ̀ yìí ni bàbá náà jẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà sì ti kọ́kọ́ gbọ́ orin. Nítorí náà, bí a bá ń wá ibi tí orin ti wọ Fẹlá lára, kí a má lọ sí London. Ilé olùkọ́ ni.

Nígbà náà ìṣòro kan wà tí ó ń dà gbogbo àwọn tí ó fẹ́ràn orin ìjọ láàmú. Àwọn míṣọ́nnárì ti túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n sì ń kọ ọ́ sí ohùn Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Ṣùgbọ́n èdè wa kì í ṣe èdè tí a lè fi ohùn rẹ̀ ṣeré. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ a di ọkọ́. Bí ó bá sì dúró nílẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, ìlú a di ìlù. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi òye gbé e, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó ti oko dé, tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ìjọ, ohun mìíràn ni ó ń gbọ́. Ọ̀ràn kékeré kọ́ ni èyí. Ó kan bóyá àwọn ènìyàn mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún Ọlọ́run. Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti fi ara rẹ̀ fún ṣíṣe orin sí ohùn Yorùbá gan-an, a sì gba púpọ̀ nínú orin rẹ̀ sínú àwo ní London ní 1922.

Fẹlá wà ní èwe nígbà tí ó dé Èkó. Ó lọ sí CMS Grammar School, lẹ́yìn náà ó lọ sí King's College. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kẹta tí ó lọ, èyí tí kò ní tábìlì, ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ó jẹ́: ẹgbẹ́ akọrin Cathedral Church of Christ ní Marina.

Ọ̀gá tí ó bá níbẹ̀ ni Thomas King Ekundayo Phillips. A bí ọkùnrin yìí ní 1884. Láti 1911 sí 1914 ni ó fi kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music ní London, nígbà tí ó sì padà dé, wọ́n fi í ṣe olùtẹ dùùrù àti ọ̀gá akọrin ní ìjọ náà. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí di 1962. Ọdún 48 ni ó fi jókòó sí ìdí dùùrù kan. Ìjọba dé, ìjọba lọ. A jà ogun àgbáyé méjì. Ọmọ-aládé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìjọsìn titun lélẹ̀ ní 1925, a sì parí ilé náà ní 1946. Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960. Phillips ṣì wà níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn ní orin.

Ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin ni ẹgbẹ́ náà. Àwọn ọmọdékùnrin ni ń kọ ohùn òkè; àwọn àgbà ọkùnrin ni ń kọ áàtò, tẹ́nọ̀ àti báàsì. Kí ẹ jọ̀wọ́ ronú sí ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọdé. Ó ń kọ́ ọ láti dúró tààrà, láti mí bí ó ti yẹ, láti ka àmì orin kíá, kí ó sì máa fi etí kan gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kí ó fi èkejì gbọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ké ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, orin ti bàjẹ́. Bí ó bá sì dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó kọ, orin ti bàjẹ́ pẹ̀lú. Akọ̀wé, oníṣòwò, agbẹjọ́rò àti ọmọ iléèwé wà lórí ìjókòó kan, kò sì sí ẹni tí ipò rẹ̀ láyé lè ràn lọ́wọ́ bí kò bá mọ apá tirẹ̀. Nígbà tí ohùn ọmọdé bá sì fọ́, àyè ń bẹ fún un lẹ́yìn, láàárín àwọn ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ń ti ọ̀dọ̀ àgbà dé ọ̀dọ̀ èwe láìsí ariwo.

Níbẹ̀ ni Fẹlá ti kọ orin àwọn ọ̀gá ilẹ̀ Yúróòpù, ibẹ̀ náà ni ó sì ti rí i pé Phillips kò fi èyí nìkan tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀gá yìí ń ṣe orin ìjọ ní èdè Yorùbá, tí ohùn rẹ̀ tẹ̀lé gíga àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó fi etí sí orin ìlú, ó wo bí a ti í fi ohùn márùn-ún péré ṣe orin tí ó kún, bí ẹni kan ti ń lé tí àwọn yòókù sì ń gbè, ó sì kó gbogbo ìwádìí rẹ̀ jọ sínú ìwé kan nípa orin Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1953. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fẹlá ti kọ́ dùùrù títẹ̀. Kì í sì í ṣe Fẹlá nìkan ni èso iṣẹ́ yìí. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí a bí ní 1935 tí ó sì kú ní 1976, ọ̀kan nínú àwọn olùṣe orin tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ wa, gba abẹ́ ọwọ́ Phillips kọjá pẹ̀lú.

Nígbà tí Fẹlá dàgbà, ìfẹ́ orin mìíràn tún wọ inú rẹ̀. Àwo orin jáàsì ti ń dé Èkó láti Amẹ́ríkà, ó sì ń tẹ píánò nínú ẹgbẹ́ tí ń ṣeré fún ijó. Ní àárín ọdún 1930 sí 1940 ó wọ ọkọ̀ lọ sí London. Ohun tí ó sọ pé òun ń lọ kọ́ ni iṣẹ́ ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n owó tán, ó sì ní láti fi ọwọ́ rẹ̀ wá oúnjẹ; ọwọ́ náà kò mọ iṣẹ́ mìíràn bí orin. Ní 1936 ó tẹ píánò nínú orin Rhapsody in Blue ti George Gershwin, ó sì wà nínú eré Blackbirds tí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ní London ní ọdún náà. Ó ń tẹ dùùrù fún BBC. Ó tẹ̀ ẹ́ fún Adelaide Hall, obìnrin olórin Amẹ́ríkà, nínú àwọn àwo tí Decca tẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn wò ó kí ó sì sọ pé ọmọ àlùfáà ti ṣáko lọ. Ẹ jẹ́ kí a má yára dá a lẹ́jọ́, nítorí ní àárín àwọn olórin wọ̀nyí ni ó ti rí àwọn ará tí a kò gbà sílẹ̀.

Ní London ìgbà náà, Paul Robeson ń gbé, ẹni tí báàsì rẹ̀ jinlẹ̀ bí kànga. Bàbá Robeson pàápàá jẹ́ ẹrú rí. Ó sá kúrò lóko ẹrú ní 1860, ó sì di àlùfáà. Ní 1925 ni Robeson ti kọ́kọ́ ṣe kọ́ńsáàtì kan ní New York tí ó jẹ́ pé orin àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni ó kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn orin ẹ̀mí yìí sì ni gbogbo ìlú London ń gbọ́ láti ẹnu rẹ̀.

Báwo ni orin ẹrú ṣe dé orí pẹpẹ kọ́ńsáàtì? Akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa ni ó gbé e débẹ̀. Ní 1866, lẹ́yìn ogun tí ó fi òpin sí oko ẹrú, a dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Nashville fún àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Fisk ni orúkọ rẹ̀. Láìpẹ́ gbèsè mu ún dé ọrùn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1871, akápò ilé-ẹ̀kọ́ náà, George White, kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án jáde láti lọ fi orin wá owó. Orin àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ níwájú àwùjọ, nítorí ojú ń tì wọ́n láti kọ orin oko ẹrú, wọ́n sì kà á sí ohun mímọ́ tí àwọn òbí wọn fi sọkún. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, omijé bọ́ lójú àwọn tí ó gbọ́. Ní 1873 wọ́n kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria. Owó tí wọ́n kó jọ ni a fi kọ́ Jubilee Hall, ilé ńlá tí ó ṣì dúró títí di òní. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin mẹ́rin láti Fisk, lábẹ́ olùkọ́ wọn John Work, gba àwọn orin náà sínú àwo ní 1909, tí ohùn ọkùnrin nìkan fi tan ìròyìn wọn kálẹ̀ gbogbo ayé. Bí kò bá ṣe orin àwọn ẹrú, bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà ìbá ti pa.

Ohun tí Fẹlá bá pàdé ní London nìyí. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ ju bí àlejò ti lè mọ̀ ọ́n lọ. Lílé àti gbígbè tí ó wà nínú rẹ̀, ó ti gbọ́ ọ nílé. Ohùn márùn-ún tí ó kún inú rẹ̀, Phillips ti fi hàn án. Ẹkún tí ó wà lábẹ́ ìrètí rẹ̀, ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n?

Síbẹ̀ kò fi ìfẹ́ nìkan ṣe iṣẹ́. Ó padà sí ìwé. Nígbà tí ogun dé, ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú, ṣùgbọ́n ìjọba yọ ọ́ jáde láti wá ṣe olùdarí orin fún Colonial Film Unit, tí ń ṣe sinimá fún àwọn ará Áfíríkà. Ní àárín ariwo bọ́ǹbù ó ń kẹ́kọ̀ọ́, ní 1943 ó sì yege ìdánwò tí a fi gbà á sí ipò Fellow nínú Royal College of Organists, ipò tí ó ga jùlọ fún olùtẹ dùùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1945 títí di 1952 ó jẹ́ olùtẹ dùùrù àti ọ̀gá akọrin fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall ní London. Ẹ wò ó bí ayé ti ń yí: ọmọ tí a kọ́ ní ìjókòó akọrin ní Marina ni ó ń kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orin ìjọ láàárín ìlú wọn.

Ní 1944 ó ṣe African Suite fún àwọn ohun-èlò olókùn, apá márùn-ún ni ó ní, òun ni iṣẹ́ rẹ̀ tí a mọ̀ jùlọ. Fún dùùrù ó ṣe orin tí ó gbé karí ohùn tí àwọn Kristẹni Yorùbá mọ̀: Ọbáńgíjì, K'á Múra, Oyígíyigì, Jésù Olùgbàlà. Ṣùgbọ́n ó tún gbé orin àwọn ẹrú nípa Mósè àti nípa Jóṣúà sórí dùùrù kan náà. Láàárín 1955 sí 1961, a tẹ ọ̀wọ́ orin ẹ̀mí tí ó tún tò fún ẹgbẹ́ akọrin jáde, lára wọn ni Roll de Ol' Chariot, My Way's Cloudy, àti Sit Down Servant. Ó tò àwọn kan fún ohùn ọkùnrin àti obìnrin, òmíràn fún ohùn àwọn ọkùnrin nìkan. Kò bọ́ aṣọ wọn kúrò lára wọn. Ó fi ẹni tí ń lé sílẹ̀ ní ipò rẹ̀, ó sì mú kí àwọn tí ń gbè máa yí lọ lábẹ́ rẹ̀, tí ìlù tí a gbà lọ́wọ́ ẹrú fi wá jẹyọ nínú ohùn ènìyàn.

Ní 1953 ó padà sí Nàìjíríà láti ṣe olórí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wá orin ìlú, ìtàn àti àṣà Yorùbá kiri, tí ó sì ń gbé e jáde lórí afẹ́fẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn babaláwo pàápàá sì wà lára àwọn tí ó pè wá sọ̀rọ̀. Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1956. Nígbà òmìnira ní 1960 ó ṣe Folk Symphony fún orílẹ̀-èdè wa. Láti 1962 ó jẹ́ olùṣèwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì kọ ìwé kan nípa Ifá ní 1964.

Èyí kò rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti gbà. Lójú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n, ó lè ya ni lẹ́nu pé olùtẹ dùùrù ìjọ jókòó ti babaláwo láti kọ́ ẹ̀kọ́. Lọ́wọ́ kejì, àwọn kan tí ń jà fún àṣà ilẹ̀ wa sọ pé orin rẹ̀ ti jọ ti òyìnbó jù. Ọ̀nà méjèèjì ni ó dúró sí láàárín. Ohun tí ó gbà gbọ́ ni pé kò yẹ kí a mọ odi yí ká olórin kí a sì sọ fún un pé níhìn-ín ni ti ìran rẹ̀ pin. Àwọn ènìyàn ayé ń gba ohun rere lọ́wọ́ ara wọn, ó sì yẹ kí ọmọ Áfíríkà lè gbà kí ó sì lè fún ni, níwọ̀n bí ó bá ti mọ ilé ara rẹ̀ dáadáa. A lè bá a jiyàn nípa Ifá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò mọ ilé rẹ̀.

Ilé náà kò sì mú un dúró. Ní 1957 ó ti fi dùùrù ṣe kọ́ńsáàtì ní New York, Boston àti Chicago. Ní 1962 ó darí àwọn olórin láti inú New York Philharmonic ní Carnegie Hall, nínú kọ́ńsáàtì tí iṣẹ́ tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 1968 a fi í joyè ní Èkó, ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà ni ó lọ kọ́ni ní Howard University ní Washington, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó kọ́ni ní Pittsburgh lẹ́yìn náà, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Kent State University ní Ohio. Ibẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni ó kú sí ní oṣù kẹta ọdún 1987, ibẹ̀ ni a sì sin ín sí.

Nígbà tí mo ronú lórí ikú yìí, ó dùn mí. Ọmọ àwọn tí a kò kó lọ ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sùn láàárín ọmọ àwọn tí a kó lọ. Wọ́n mọyì rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń kọ orin rẹ̀ nínú ìjọ wọn àti ní yunifásítì wọn. Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Mélòó nínú wa tí ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ni ó ti kọ ìlà kan rí nínú iṣẹ́ rẹ̀?

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ọ̀ràn yìí kan wa gan-an. Láìpẹ́ a ó tú wa ká sí ibi iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wa lè bá ara rẹ̀ ní Awoyaya ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, níbi tí ilé titun ti ń yọ lójoojúmọ́ láàárín ọ̀sà àti òkun, tí àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí ń di ará àdúgbò kan. Kò ní pẹ́ kí àlùfáà tàbí ọ̀gá iléèwé tó sọ pé kí olùkọ́ titun wá kó àwọn ọkùnrin àdúgbò àti àwọn ọmọ iléèwé jọ láti kọrin. Bóyá kò ní sí dùùrù. Bóyá pátákó ìkọ̀wé àti ẹfun nìkan ni yóò wà, láti fi kọ sọ́fà. Ọ̀kan yóò wá láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ẹrù àárẹ̀ lórí, òmíràn kò ní lè di ohùn rẹ̀ mú. Olùkọ́ náà lè rò pé iṣẹ́ tí kò lérè ni.

Kí ó rántí Phillips, tí ó jókòó sí ibi kan fún ọdún 48, tí kò sì mọ èwo nínú àwọn ọmọ tí ń ya níwájú òun ni yóò gbé orin ilẹ̀ yìí dé Carnegie Hall. Kí ó rántí Emmanuel Ṣówándé, olùkọ́ bí tiwa. Kí ó rántí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án ti Fisk, tí wọ́n fi orin tí ojú ń tì wọ́n láti kọ gba ilé-ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀. Kí ó rí i pé ọ̀rọ̀ orin yé ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ìjọ. Kí ó kọ́ wọn ní orin Yorùbá tí ó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, kí ó sì kọ́ wọn ní orin àwọn ẹrú pẹ̀lú, kí ó sọ ìtàn wọn fún wọn, kí wọ́n má bàa fi ṣe eré lásán.

Fẹlá Ṣówándé kò padà wá sùn nílé. Ṣùgbọ́n orin kò ní ibojì. Nígbàkígbà tí ọkùnrin méjìlá bá dìde ní àdúgbò kan ní ilẹ̀ yìí, tí ẹnìkan lé orin tí ó tò, tí àwọn yòókù sì gbè é, àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ àti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀ ti tún pàdé. Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù láti kọ́ wọn, kí ó sì jẹ́ kí a tọ́ sí iṣẹ́ tí àwọn aṣáájú wa fi lé wa lọ́wọ́.